Olè Tí Kò Jẹ́ Kí Aṣọ Dọ̀tí

Jẹ́jẹ́ ló kọ́kọ́ sọ ọ̀rọ̀ yìí fún mi. Ọkùnrin tó ń lọ aṣọ ní ilé ìfọṣọ tó wà ní orígun òpópónà wa ni. Wọ́n ń pè é ní Jẹ́jẹ́ nítorí pé kò sí ohun tó lè mú un kánjú, bí iná tilẹ̀ ń jó o lẹ́sẹ̀. Apá tí kò ṣojú rẹ̀, ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ tó yanjú ọ̀rọ̀ náà ló sọ ọ́ fún un. Bí mo ṣe gbọ́ ọ ni mo ṣe kọ ọ́.

Ìyàwó Bàbá Funfun ló kọ́kọ́ rí i. Ó ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀ ní àárọ̀. Ilé ìwòsàn ló ti ń nu ilẹ̀ lóru. Ó ṣí ilẹ̀kùn ilé ìfọṣọ, ó gbé ẹsẹ̀ kan wọlé, ó sì dúró.

Gíláàsì fèrèsé ti fọ́. Afẹ́fẹ́ òwúrọ̀ ń fẹ́ wọlé bó ṣe wù ú. Lórí irin gígùn tí wọ́n ń fi aṣọ kọ́, hángà kan ń mì, kò sí aṣọ lọ́rùn rẹ̀.

Aṣọ ìgbéyàwó ló wà lọ́rùn hángà yẹn ní ìrọ̀lẹ́ àná.

"Bàbá Funfun! Ẹ dìde o! Olè ti jà wá!"

Ọkọ rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ láti yàrá òkè. Ó wo fèrèsé, ó wo hángà. Ó jókòó sórí àpótí ọṣẹ, ó ká ọwọ́ méjèèjì lérí.

Gbogbo àdúgbò ló mọ ọkùnrin yìí. Aṣọ funfun tó bá ti ọwọ́ rẹ̀ jáde, ńṣe ló máa ń dà bíi pé ẹnikẹ́ni kò wọ̀ ọ́ rí. Ohun tó sọ ọ́ ní Bàbá Funfun nìyẹn. Alágbàfọ̀ ni, alágbàtọ́ sì ni. Òun àti ìyàwó rẹ̀ kò bímọ. Ọmọ tí ìjọba bá mú wá ni wọ́n ń tọ́. Àwọn aláwàdà máa ń sọ pé aṣọ aláṣọ àti ọmọ ọlọ́mọ ni yóò gba gbogbo ọjọ́ ayé bàbá yìí. Ọmọ mẹ́ta ló wà lọ́wọ́ wọn nígbà náà: méjì kéékèèké, àti ọmọbìnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọmọ ọdún méjìdínlógún. Àwọn kékeré ń pè é ní Àǹtí Kékeré.

Kí oòrùn tó mú, ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ti dé. Obìnrin ni, ewú ti yọ ní ẹ̀bá etí rẹ̀. Sájẹ́ǹtì ni tọmọdé tàgbà ń pè é. Kò tètè béèrè ọ̀rọ̀. Ó kọ́kọ́ wò.

Tábìlì kan wà lábẹ́ fèrèsé. Aṣọ tí wọ́n ti lọ̀ wà lórí rẹ̀, ṣẹ́ẹ̀tì funfun tí wọ́n tò jọ gègèrè. Ẹnì kan ti da aṣọ ibùsùn alálà búlúù bò wọ́n. Èérún gíláàsì ń dán lórí aṣọ ibùsùn náà. Sájẹ́ǹtì rọra gbé etí rẹ̀ sókè. Ó wo abẹ́ rẹ̀. Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ tọ́ ṣẹ́ẹ̀tì tó wà lókè pátápátá.

Kò sí èérún kan ṣoṣo.

"Ta ló bo àwọn aṣọ wọ̀nyí?"

Bàbá Funfun wo ilẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ ló dáhùn. "Bóyá Jẹ́jẹ́ ni, kó tó máa lọ sílé. Èmi ti lọ síbi iṣẹ́ kí wọ́n tó pa ìsọ̀ dé."

"Irú aṣọ wo ni wọ́n jí?"

"Aṣọ ìgbéyàwó méjì ló wà lọ́wọ́ wa," Bàbá Funfun sọ. "Ọ̀kan, ọmọbìnrin kan fẹ́ wọ̀ ọ́ ní Sátidé. Èkejì, ẹni tó ni í ti ṣègbéyàwó ní èṣí. Ó ní ká fọ̀ ọ́ kóun lè gbé e pamọ́. Èyí tí wọ́n ti wọ̀ yẹn ni wọ́n mú. Ọpẹ́ ni pé kì í ṣe ti Sátidé."

"Èwo ló wọ́n jù?"

"Ti Sátidé ni. Ìlẹ̀kẹ̀ ara rẹ̀ nìkan ju èkejì lọ."

"Ibo ni méjèèjì wà?"

"Ẹ̀gbẹ́ ara wọn ni."

"Olè yìí kò mọ ọjà," Sájẹ́ǹtì sọ.

Ó rìn lọ sí ìparí irin náà. Ẹ̀wù òtútù dúdú kan tó gùn kan ilẹ̀ ló kọ́ síbẹ̀, wọ́n de gbogbo bọ́tìnnì rẹ̀ láti ọrùn dé ìsàlẹ̀. Sájẹ́ǹtì fi èjìká gbún un.

"Ta ló ni èyí?"

"Áà, Àlejò nìyẹn," ìyàwó sọ. "Ẹni tó gbé e wá kò padà wá mú un mọ́. Ó ti pẹ́ débi pé a fún un lórúkọ."

"Àlejò yín sanra o."

"Ẹni tí kì í ṣiṣẹ́, tí kì í sanwó ilé, kí ni kò ní í mú un sanra?"

Àwọn obìnrin méjèèjì rẹ́rìn-ín díẹ̀. Bàbá Funfun ń ṣa gíláàsì.

Ọkọ̀ kan dúró síta. Obìnrin kan sọ̀ kalẹ̀, ó há fáìlì mọ́ abíyá. Òun ni òṣìṣẹ́ tí ìjọba yàn láti máa bójú tó àwọn ọmọ àgbàtọ́. Àwọn ọmọ ń pè é ní Àǹtí Ọ́fíìsì, nítorí pé "ọ́fíìsì sọ pé" ló máa ń fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀.

"Ẹ káàárọ̀ o. Mo wá mú ọmọ yín àgbà."

"Ẹ fẹ́ mú un lọ síbo?" Sájẹ́ǹtì béèrè.

"Ó ti pé méjìdínlógún. Ọ́fíìsì sọ pé òní ló gbọ́dọ̀ kúrò. Ọmọ mìíràn ń dúró de ibùsùn rẹ̀."

"Mo ní síbo?"

"Ilé tí wọ́n kọ́ fún àwọn ọ̀dọ́ ti kún. A ti fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀. Ní báyìí ná, ó ní òun ní ẹ̀gbọ́n bàbá kan ní ìlú mìíràn, òun máa wọkọ̀ lọ bá a. Ibùdókọ̀ ni mo fẹ́ gbé e dé."

"Ṣé ẹ ti bá ẹ̀gbọ́n bàbá yìí sọ̀rọ̀?"

Àǹtí Ọ́fíìsì wo fáìlì rẹ̀. "Ohun tí ọmọ sọ nìyẹn. A ti kọ ọ́ sílẹ̀."

"Ọmọ tí kò mọ bàbá," ìyàwó Bàbá Funfun sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, "ibo ló ti rí ẹ̀gbọ́n bàbá?"

"Màmá, ẹ má dá mi lẹ́bi. Èmi kọ́ ni mo ṣòfin. Mo ti sọ ọ́ títí ẹnu mi fi bó, pé kí wọ́n jẹ́ kí ọmọ dúró títí yóò fi rí iṣẹ́ kan dì mú. Wọ́n á ní àwọn ti gbọ́." Ìgbà náà ló tó rí fèrèsé. "Olè ni? Ṣé gbogbo ará ilé lẹ ń wádìí, Sájẹ́ǹtì?"

"Gbogbo wọn."

Àǹtí Ọ́fíìsì pa fáìlì dé. "Ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́ nìyẹn. Ọmọ tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ bá wà lọ́wọ́ ọlọ́pàá, a kò gbọdọ̀ gbé e kúrò níbi tó wà, àfi bí ọ̀rọ̀ náà bá parí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa tètè parí rẹ̀." Ó sún mọ́ Sájẹ́ǹtì, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Kí n má purọ́ fún yín, àwọn tó bá ń jáde lọ máa ń mú nǹkan dání nígbà mìíràn. Ẹ kọ́kọ́ wo àpò rẹ̀."

Sájẹ́ǹtì gun òkè lọ.

Àpò náà wà lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ti dì í. Àǹtí Kékeré jókòó sórí ibùsùn, ó fi ọwọ́ òsì gbé ife tíì dání. Báńdéèjì wà ní ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀, ó bo gbogbo ìka.

"Kí ló ṣe ọ́ lọ́wọ́?"

"Áyọ́ọ̀nù ni, mà. Kò tíì lè di nǹkan mú. Bọ́tìnnì aṣọ mi gan-an, Màámi ló ń bá mi dè é."

"Jẹ́ kí n wo àpò rẹ."

"Ẹ wò ó, mà."

Aṣọ díẹ̀, bàtà kan, búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín. Àpò náà kò tilẹ̀ kún.

"Ṣé ìwọ lo mú aṣọ ìgbéyàwó yẹn?"

"Kí ni mo fẹ́ fi aṣọ ìgbéyàwó ṣe lábẹ́ afárá, mà?"

Ó gbé ife bo ẹnu. Ó ti pẹ́ jù, ọ̀rọ̀ ti jáde.

"Mo ṣebí ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ lò ń lọ."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Ẹnu mi ló yọ̀."

Sájẹ́ǹtì fa àga kan, ó jókòó. Ó yí ọ̀rọ̀ padà. "Aṣọ tí ẹ bá lọ̀ tán ní ìrọ̀lẹ́, ta ló máa ń bò ó?"

"A kì í bò ó, mà. Bàbá kì í gbà. Wọ́n ní aṣọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lábẹ́ áyọ́ọ̀nù gbọ́dọ̀ mí. Bí a bá bò ó, yóò làágùn, yóò sì rún. Ó di àárọ̀ ká tó bò ó."

"Ṣé Jẹ́jẹ́ mọ̀ bẹ́ẹ̀?"

Ọmọbìnrin náà rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́. "Ó bò ó rí nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Bàbá bínú débi pé wọn kò bá a sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú. Jẹ́jẹ́ ní ó sàn kí wọ́n na òun."

Ariwo ta nísàlẹ̀. Sájẹ́ǹtì sáré sọ̀ kalẹ̀.

Jẹ́jẹ́ ló wọlé wá síbi iṣẹ́, ó ń mi ọwọ́ bọ̀ bí ẹni tó ń lọ kí ọ̀rẹ́. Ọ̀gá àgọ́ ọlọ́pàá náà sì ti dé. Ó nawọ́ sí i.

"Mo mọ ojú yìí! Mo ti tì í mọ́lé rí. Olè ni!"

"Ọ̀gá, bàtà ni mo jí nígbà yẹn," Jẹ́jẹ́ sọ, "ẹsẹ̀ ọ̀tún nìkan ni mo sì rí mú kí wọ́n tó bá mi. Olè tó ń rìn jẹ́jẹ́, ta ló fẹ́ gbà á síṣẹ́?"

"Gbé ẹnu rẹ dákẹ́. Ẹ fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ sí i lọ́wọ́."

Bàbá Funfun dìde fùú. "Ẹ má mú un! Ó ti lọ sílé kí n tó ti ilẹ̀kùn."

"Lẹ́yìn tó lọ sílé, ṣé ẹ mọ ibi tó wà?"

Bàbá Funfun tún bẹ̀rẹ̀ sí ṣa gíláàsì. Wọ́n mú Jẹ́jẹ́ lọ.

Ní ọ̀sán, Sájẹ́ǹtì lọ bá a ní àtìmọ́lé. Jẹ́jẹ́ ti fi ọwọ́ na ẹ̀wù rẹ̀ títí kò fi ní ìrún kan lára.

"Jẹ́jẹ́, ṣé ìwọ lo bo aṣọ lánàá?"

"Kí n bò ó kẹ̀? Kí Ọ̀gá tún má bá mi sọ̀rọ̀?"

"Aṣọ ibùsùn alálà búlúù ńkọ́? Oníbàárà wo ló ni í?"

Ó ronú pẹ́. Ọ̀rọ̀ kì í yára jáde lẹ́nu rẹ̀. "Kò sí oníbàárà wa tó ní irú ẹ̀. N kò rí i rí nísàlẹ̀ yẹn." Ó sún mọ́ irin. "Sájẹ́ǹtì, ẹ bá mi wo Ọ̀gá mi. Wọ́n gbé oúnjẹ wá fún mi lẹ́ẹ̀mejì lónìí. Bí mo ṣe ń jẹun, omi ń dà lójú wọn. Mo ní, Ọ̀gá, èmi ni wọ́n tì mọ́lé, kì í ṣe ẹ̀yin. Wọ́n kàn ń mi orí."

Ní ọjọ́ kejì, Sájẹ́ǹtì dúró de ìyàwó Bàbá Funfun lẹ́nu ọ̀nà ilé ìwòsàn. Wọ́n jọ rìn lọ sílé.

"Màmá, ta ló ni aṣọ ibùsùn alálà búlúù yẹn?"

"Tiwa ni. Yàrá wa ló máa ń wà, nínú àpótí."

"Ìgbà wo lẹ ti mọ̀?"

"Láti ẹnu ọ̀nà ní àárọ̀ yẹn."

"Ẹ kò sọ."

"Ẹ kò bi mí ta ló ni í." Ó fi etí ìborùn nu ojú. "Ṣé ẹ ní ọkọ, Sájẹ́ǹtì? Bí ẹ bá rí i pé ọkọ yín ti fẹ́ ya wèrè nítorí ọmọ, ṣé ẹ máa pè é lẹ́jọ́?"

Ohun gbogbo ti ń so pọ̀ lọ́kàn Sájẹ́ǹtì, kò sì dùn mọ́ ọn nínú. Aṣọ ibùsùn wà lábẹ́ gíláàsì. Nítorí náà wọ́n ti tẹ́ ẹ kí gíláàsì tó fọ́. Olè wo ló máa ń bo aṣọ oníbàárà kó tó fọ́ fèrèsé? Ẹni tí ara rẹ̀ kò gbà kí aṣọ dọ̀tí ni. Jẹ́jẹ́ kì í gun òkè, kò sí bó ṣe máa mú aṣọ ibùsùn yẹn. Ìyá ilé wà níbi iṣẹ́. Ẹnì kan ṣoṣo ló kù, àfi ọmọbìnrin náà.

Àfi ọmọbìnrin náà. Ó rántí báńdéèjì. Ó rántí bọ́tìnnì tí ọmọ náà kò lè dè.

Bàbá Funfun ń lọ aṣọ nígbà tí wọ́n wọlé. Kò gbé ojú sókè. Sájẹ́ǹtì kọjá lára rẹ̀, ó lọ tààrà sí ìparí irin, ó dúró níwájú Àlejò. Ó gbá bọ́tìnnì àkọ́kọ́ mú. Ó le. Ó fi ọwọ́ méjèèjì tú u. Ó gbá èkejì mú.

"Ẹ jọ̀ọ́," Bàbá Funfun sọ lẹ́yìn rẹ̀. "Ẹ kọ́kọ́ fọ ọwọ́ yín."

Áyọ́ọ̀nù nìkan ló ń hó. Ìyàwó rẹ̀ fi ẹ̀yìn ti ògiri.

Sájẹ́ǹtì lọ síbi ẹ̀rọ omi. Ó fọ ọwọ́ rẹ̀ pẹ̀lú ọṣẹ, ó nù ún gbẹ. Nígbà tó padà dé, Bàbá Funfun ti ń tú àwọn bọ́tìnnì yòókù fúnra rẹ̀. Ó ṣí ẹ̀wù dúdú náà. Aṣọ ìgbéyàwó wà nínú rẹ̀, ó funfun nini. Bàbá Funfun ti ká etí ìsàlẹ̀ rẹ̀ sókè, ó fi òwú mú un kó má baà rún.

"Kò jáde nílé rárá," Sájẹ́ǹtì sọ.

"Ibo ni mo fẹ́ gbé e lọ? Eruku wà níta."

"Ẹ da aṣọ ibùsùn yín bo aṣọ àwọn oníbàárà. Ẹ jáde síta, ẹ fọ́ gíláàsì kó lè wọ inú, ká lè rò pé ẹni ìta ni. Ẹ mú èyí tí wọ́n ti wọ̀, kí ìgbéyàwó ẹnikẹ́ni má baà bàjẹ́ ní Sátidé."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ẹ mọ̀ pé bí ọ̀rọ̀ bá dé ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá, wọn kò ní í gbé ọmọ náà kúrò."

"Àǹtí Ọ́fíìsì ló sọ òfin yẹn lójú wa nígbà kan, nípa ọmọ ibòmíràn. Kò mọ̀ pé mo gbọ́ ọ sínú." Ó yọ áyọ́ọ̀nù lórí iná. "A tọ́ ọmọkùnrin kan ṣáájú rẹ̀, Sájẹ́ǹtì. Láti kékeré. Ọ̀gágun là ń pè é, nítorí pé ó ń bẹ̀rù adìyẹ. Nígbà tó pé méjìdínlógún, wọ́n ní kó máa lọ. Èmi fúnra mi ni mo bá a gbé àpò. Mo ní, ọkùnrin ni ẹ́, wàá là á já. Ọ̀rọ̀ tí mo sọ fún un nìyẹn. Ọkùnrin ni ẹ́."

Ìyàwó rẹ̀ ní, "Ẹ sọ ọ́ tán."

"Mo gbé aṣọ lọ sí òtẹ́ẹ̀lì tó wà nítòsí ibùdókọ̀. Mo rí i lórí àtẹ̀gùn ibẹ̀, ó sùn sórí páálí. Ẹ̀wù tí mo lọ̀ fún un lọ́jọ́ tó ń lọ ló wọ̀. Mo fi kọ́là rẹ̀ mọ̀ ọ́n. Èmi nìkan ni mò ń tẹ kọ́là báyẹn. Ó dúdú bí ìdí ìkòkò. Mo pè é. Ó lajú, ó wò mí. Ó ní, 'Bàbá, ẹ ti ṣì mí mú, n kò mọ̀ yín.' Kí ojú má baà tì mí ló ṣe sọ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí mo padà lọ, kò sí níbẹ̀ mọ́. N kò rí i mọ́ títí dòní. Mò ń fọ aṣọ gbogbo ìlú, Sájẹ́ǹtì. N kò lè fọ ti ọmọ mi."

"Kí ló dé tí ẹ kò kàn jẹ́ kí ọmọbìnrin yìí dúró tì yín?"

Ìyàwó rẹ̀ ló fèsì. "A bẹ̀ wọ́n. Wọ́n ní àgbàlagbà tí kò sí lábẹ́ ìtọ́jú kò gbọdọ̀ sùn nílé tí ọmọ àgbàtọ́ wà. Bó bá sùn níbí lẹ́yìn ọjọ́ tí wọ́n dá, wọ́n á kó àwọn kékeré méjì lọ. Àbíkẹ́yìn wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí sọ̀rọ̀ ni. Nígbà tó dé, kì í la ẹnu rárá. Èwo la fẹ́ mú nínú wọn?"

"Ẹ rò pé ọgbọ́n yìí máa pẹ́ tó?"

Bàbá Funfun rẹ́rìn-ín kan tí kò ní ayọ̀ nínú. "Gbogbo ayé ló ń sọ pé ẹjọ́ ọlọ́pàá kì í parí. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé ẹ̀yin ni wọ́n máa rán wá."

Sájẹ́ǹtì dúró síbẹ̀, ó wo aṣọ funfun, ó wo ẹ̀wù dúdú. Ó lè de bọ́tìnnì padà. Ẹ̀rí kankan kò sí ní ìta ilé náà.

"Bí mo bá dè é padà," ó sọ, "Jẹ́jẹ́ ló máa lọ sẹ́wọ̀n."

"Mo mọ̀. Láti àná ni mo ti fẹ́ wá bá yín, ẹsẹ̀ mi ni kò gbé mi. Ẹ tú ọmọ ọlọ́mọ sílẹ̀."

Wọ́n tú Jẹ́jẹ́ sílẹ̀ ní ọ̀sán yẹn. Nígbà tí wọ́n sọ fún un pé ọ̀gá rẹ̀ ni, ó jókòó sórí àtẹ̀gùn àgọ́ ọlọ́pàá, ó sunkún bí ọmọdé. Kò bínú. Ó sọ fún mi pé bí wọ́n bá ti sọ fún òun tẹ́lẹ̀, òun ì bá ti jẹ́wọ́ pé òun ni.

Ẹni tó ni aṣọ wá mú un. Ó yí i po, ó ní kò sí àbàwọ́n kankan lára rẹ̀, òun kò bá ẹnikẹ́ni ṣẹjọ́. Ọ̀gá àgọ́ ọlọ́pàá rẹ́rìn-ín títí, ó buwọ́ lu ìwé.

"Ọ̀gá, ẹ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí wà lọ́wọ́ mi sí i, ẹ jọ̀ọ́," Sájẹ́ǹtì bẹ̀ ẹ́.

"Kí lo tún fẹ́ wádìí? Aṣọ ti jáde, ẹni tó ni í ti dárí jì í. Ó ti parí."

Ó ti parí. Ohun tí inú rere obìnrin yẹn ṣe nìyẹn: ó parí rẹ̀.

Sájẹ́ǹtì jókòó ti fóònù. Ó pe ilé àwọn ọ̀dọ́. Wọ́n ní ó kún, kódà àwọn kan ń sùn ní yàrá ìjẹun. Ó pe ilé mìíràn. Wọ́n ní ọkùnrin nìkan làwọn ń gbà. Ó pe ẹ̀kẹta.

"Ṣé ó lóyún?" obìnrin kan béèrè.

"Kò lóyún."

"Ẹ̀yà, à bá ti gbà á. Aboyún nìkan la ní àyè fún."

Ó rọra gbé fóònù náà sílẹ̀.

Àǹtí Ọ́fíìsì dé ní ọjọ́ kejì. Kò dá wá. Ọmọ kékeré kan jókòó sẹ́yìn ọkọ̀, ó di ìgbànú ọkọ̀ mú bí ẹni tí wọ́n fẹ́ já a gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Sájẹ́ǹtì náà wá. Kò sí ohun tó wá ṣe.

"Mo gbọ́ pé wọ́n rí aṣọ kan nínú ìsọ̀," Àǹtí Ọ́fíìsì sọ fún un lẹ́nu ọ̀nà. "Ohun tí mo gbọ́ nìyẹn. N kò gbọ́ ohun mìíràn, ẹ má sì sọ ọ́ fún mi. Bí mo bá gbọ́ ọ, mo gbọ́dọ̀ kó àwọn ọmọ tó kù."

Lókè, Àǹtí Kékeré ń tẹ́ ibùsùn sílẹ̀ de ọmọ tuntun. Ó fi ọwọ́ òsì nà án. Ó gbé ìrọ̀rí sí ẹ̀gbẹ́ ògiri.

"Má gbé e sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé," ó sọ fún ọmọ náà tó ti gòkè wá. "Àárọ̀ máa ń tutù níbẹ̀. Bí Bàbá bá ń hanrun, fi ọwọ́ gbá ògiri. Wọ́n á yí ẹ̀gbẹ́ padà."

Ó gbé àpò rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀. Bàbá Funfun dúró nídìí tábìlì.

"Bàbá," ọmọbìnrin náà ní, "nítorí tèmi lẹ ṣe sọ ara yín di olè, ẹ kò sì mọ̀ ọ́n ṣe."

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ẹkún sì gbà á mọ́ ọn lẹ́nu. Ìyàwó rẹ̀ mú ọmọ náà mọ́ra, kò fẹ́ fi í sílẹ̀. Ó de bọ́tìnnì ọrùn ẹ̀wù rẹ̀ fún un. Ó tún un tò, ó tún un tò.

Sájẹ́ǹtì bá a jáde. "Wá sùn lọ́dọ̀ mi lónìí. Yàrá kan ni mo ní, ìyá mi tí ara rẹ̀ kò yá sì wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n a ó sún fún ara wa."

"Lónìí, mo dúpẹ́, mà. Lọ́la ńkọ́?"



Àǹtí Ọ́fíìsì ṣí ilẹ̀kùn ọkọ̀. "Wọlé, jẹ́ kí n gbé ẹ dé ibùdókọ̀. Ọ́fíìsì sọ pé…"

"Ẹ má ṣèyọnu, mà. Màá rìn."

"Ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ," Sájẹ́ǹtì sọ, "ṣé ó ń dúró dè ọ́ lóòótọ́?"

Ọmọbìnrin náà gbé àpò kọ́ èjìká òsì.

"Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó ń dúró dè mí, mà."

Ó bẹ̀rẹ̀ sí rìn lọ. Àwọn kékeré méjì yọ orí láti fèrèsé òkè, wọ́n ń pariwo, "Àǹtí Kékeré! Àǹtí Kékeré o!" Èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí sọ̀rọ̀ ni ohùn rẹ̀ ròkè jù. Ọmọbìnrin náà dé orígun òpópónà, ó jẹ́ kí ọkọ̀ kan kọjá, ó yà sí ọ̀nà ibùdókọ̀. Kò wo ẹ̀yìn.